Ẹni Tí Ọbẹ Kàn

Bí ẹ bá pàdé Ganiyat lọ́jà Ìkọ̀tún, ẹ ò ní bojú wẹ̀yìn wò ó. Obìnrin kúkúrú ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún díẹ̀, ó sì máa ń yára rìn bí ẹni tó fi ìkòkò sórí iná sílé. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, òun ló ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ ilé-ìwé aládàáni kan ní Ègbẹ́dá. Yàrá kan àti pálọ̀ ló ń gbé ní Ìgandò, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ fẹ̀, páànù sì bo ìdajì rẹ̀. Ìyá Jibril ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó ti dàgbà, tó ń ṣe tẹ́là n'Íbàdàn.

Ohun tí ẹ ò ní rí ni apá òsì rẹ̀, nítorí kì í wọ aṣọ alápá péńpé. Àpá iná kan wà níbẹ̀ tó fẹ̀ tó ojú ṣíbí irin, nítorí pé ṣíbí irin ló dá a síbẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí wọ́n mú un láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sọ́dọ̀ obìnrin kan ní Ìdímù. Ẹja ni obìnrin náà ń dín tà lẹ́bàá títì. Lọ́jọ́ kan ó rán Ganiyat ní iyọ̀, ebi ń pa ọmọ náà, ó sì fi kọ́bọ̀ mẹ́wàá ra gúgúrú lọ́nà. Nígbà tó dé tí ṣẹ́ńjì ò pé, obìnrin yẹn ò pariwo rárá. Ó fa ṣíbí yọ nínú òróró tó ń hó, ó gbé e lé ọmọ ọlọ́mọ lápá, ó sì dì í mú síbẹ̀ títí ó fi ka ení, èjì, dé orí ẹ̀wá. Àwọn oníbàárà márùn-ún ló dúró níbẹ̀ tí wọ́n ń retí ẹja. Kò sí èyí tó lanu nínú wọn. Ọ̀kan tilẹ̀ sọ pé kí wọ́n má jẹ́ kí tòun jóná.

Àwọn èèyàn á máa sọ pé ìyà ló ń kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n. Ara tiwọn kọ́ ló ń jó, kí ni wọn ò ní wí? Ohun tí ìyà kọ́ Ganiyat ni bí a ṣe ń purọ́ láì ṣẹ́jú, àti bí a ṣe ń fi owó pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Ó dàgbà, ó ṣe aya, ó ṣe opó, síbẹ̀ bó bá di owó ẹlòmíràn mú, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, lọ́sàn-án Sátidé kan, ó gbọ́ igbe nídìí ẹ̀rọ omi, ó sáré jáde, ó bá ọmọkùnrin méjì nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan ni Zikrullah, ọmọ Nùrẹ́nì wẹ́dà, tó ń jó irin, tí ilé wọn jẹ́ ilé kejì sí tirẹ̀. Èkejì ni Ebenezer, ọmọ Naomi, aránṣọ kan tó ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun. Zikrullah ti gé etí Ebenezer jẹ, Ebenezer sì ti fi ìgò fífọ́ ya ètè Zikrullah. Ẹyin kan ṣoṣo ló fa gbogbo rẹ̀. Àwọn òbí ti lọ wá oúnjẹ òòjọ́, wọ́n fún àwọn ọmọ lówó oúnjẹ, àwọn ọmọ da owó pọ̀ ra ẹyin, wọn ò wá mọ bí wọ́n á ṣe pín in. Àgbà ọkùnrin méjì ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ń já ẹgba. Ìyẹn ni ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n mọ̀.

Ganiyat já ẹgba gbà lọ́wọ́ wọn, ó wọ́ àwọn ọmọ náà lọ sẹ́yìnkùlé, ó fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára wọn. Ó ní kí wọ́n se ẹyin yẹn. Nígbà tó jinná, ó ní ẹni tó bá gé e kọ́ ni yóò kọ́kọ́ mú. Ebenezer bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹyin yẹn títí, ó wá fa òwú yọ lára aṣọ rẹ̀, ó fi gé e sí méjì débi pé kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tó tóbi jù. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n fi ẹnu ẹlẹ́jẹ̀ jẹ ẹ́. Nígbà tí Sátidé mìíràn fi pé, wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ mẹ́rin mìíràn.

Bí ilé ìdáná Sátidé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi di mẹ́wàá. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á mú ọ̀ọ́dúnrún náírà wá, èyí tí òbí rẹ̀ ò bá ní á pọn omi. Wọ́n á tẹ́ owó sílẹ̀, wọ́n á jíròrò ohun tó lè rà, bóyá ìrẹsì ni tàbí ẹ̀wà, bóyá ó lè gba ẹja tàbí kò lè gbà á. Ẹni tó di owó mú kò gbọdọ̀ dá sí ohun tí wọ́n máa rà, àwọn tó ń yan ohun rírà kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó. Ganiyat á tẹ̀ lé wọn lọ sọ́jà, á dúró lẹ́yìn bí àlejò. Àwọn aláta bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún wọn. Ọmọ mẹ́wàá á tò síwájú igbá àlùbọ́sà kan, wọ́n á máa fi ọ̀kan wọn ọ̀kan, ta ló fẹ́ irú wàhálà bẹ́ẹ̀ láàárọ̀?

Nílé, iṣẹ́ máa ń yí kiri ni. Ẹni tí ọbẹ kàn lọ́sẹ̀ yìí, iyọ̀ lè kàn án lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bó sì ti wù kí ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n ṣe tó, kò gbọdọ̀ já iṣẹ́ oníṣẹ́ gbà. Fàthíà, àbúrò Zikrullah, ọmọ ọdún mẹ́fà, omi ló máa ń kàn án nígbà gbogbo torí ó ṣì kéré sí iná. Òfin kan wá wà tó ju gbogbo ìyókù lọ. Bí ìkòkò bá fẹ́ dà, tàbí òróró fẹ́ ta, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á ké pé, “Ó gbóná!” Kíá, kálukú á ju ohun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á sún sẹ́yìn, gbogbo wọn á sì máa ké e lọ títí gbogbo ọwọ́ á fi ṣófo. Ìgbà yẹn ni ẹni tí omi kàn á gbé omi wá, á dà á sí ọwọ́ tó sún mọ́ iná jù lọ. Wọn kì í béèrè ẹni tó jẹ̀bi kí omi tó kan ọwọ́; Ganiyat ní ẹnikẹ́ni lè mú ohun gbígbóná. Ganiyat fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ òfin yìí, àwọn ọmọ sì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi dán an wò. Á ju àwo sílẹ̀ gbàmù, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi jókòó.

Ó tún búra kan fún ara rẹ̀, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ju Naomi lọ. Ó ní kò sí ọmọ tí wọ́n máa lù nínú ọgbà yẹn, àti pé ọjọ́ tí ọwọ́ òun bá gbé nǹkan sókè níbẹ̀ láti fi ṣe èèyàn léṣe, òun ò ní dáná fún ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́ láyé òun.

Ilé Nùrẹ́nì ni wọ́n ti máa ń gbọ́ ẹkún jù. Bẹ́líìtì aláwọ ló ń lò, orí irin rẹ̀ ló sì máa ń fi sọ̀rọ̀. Ara Zikrullah dà bí ilẹ̀ tí adìẹ ti ha. Mọ̀dínátù, ìyàwó Nùrẹ́nì tó ń ta aṣọ ọmọdé ní Abúlé Ẹ̀gbá, bó bá là wọ́n, á gba tirẹ̀. Ganiyat ti lọ bá ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó dọ̀bálẹ̀ kí i dáadáa, ó fún un ní àga, ó ní bí bàbá tòun náà ṣe lu òun nìyẹn tí òun fi di èèyàn. Gbogbo àdúgbò ló sì gbà fún un. Ọmọ rẹ̀ kúkú ni.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ìwọlé ilé-ìwé ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn ọmọ náà gbèrò àtijẹ adìẹ. Sátidé márùn-ún gbáko ni wọ́n fi jẹ ẹ̀wà láìsí ẹja kí owó lè ṣẹ́ kù. Nígbà tó pé, wọ́n lọ ra àgbébọ̀ kan tó sanra. Ọkùnrin tó ń pa adìẹ fún àwọn oníbàárà ní òun máa gba ẹgbẹ̀rún kan náírà láti pa á kí òun sì tu ìyẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ forí korí. Ẹgbẹ̀rún kan, òróró nìyẹn, àlùbọ́sà nìyẹn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídín nìyẹn. Wọ́n gbé adìẹ wálé láàyè, orí Ganiyat sì wú. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kírun Àílà tán, òun á ránṣẹ́ pe ọmọ kéwú kan ní mọ́sáláṣí kó wá pa á.

Ó wọlé. Omi tí wọ́n fẹ́ fi bó adìẹ ti ń hó lórí iná, gáàsì ń jó dànù. Ta ló kọ́ wọn pé owó ni gáàsì? Òun náà ni. Àwọn ọmọ wo ara wọn. Ebenezer ni ọbẹ kàn lọ́jọ́ yẹn, ó sì ti rí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pa adìẹ lọ́dún Kérésì. Zikrullah ní bí ẹnikẹ́ni ò bá ṣe Bísímílláhì sí i, àwọn ò ní lè jẹ ẹ́. Ebenezer ní òun ò mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n rò ó síwá sẹ́yìn, wọ́n sì ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan: wọ́n pín in. Zikrullah di ẹsẹ̀ adìẹ mú, ó kọjú rẹ̀ sí ìlà-oòrùn, ó ṣe Bísímílláhì. Ebenezer fi ọbẹ sí i. Fàthíà da omi.

Nígbà tí Ganiyat jáde, wọ́n ti tu ìyẹ́ rẹ̀ tán. Ó béèrè, wọ́n sì fi ìgbéraga rò ó fún un, kálukú ń sọ ipa tirẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹnu tó ṣe Bísímílláhì àti ọwọ́ tó di ọbẹ mú, ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kó ni méjèèjì. Ó yẹ kó sọ ọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ojú mẹ́wàá, ó rántí Sátidé márùn-ún tí wọ́n jẹ ẹ̀wà lásán, ẹ̀rín sì pa á. Ó ní òun á kọ́ wọn tó bá dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àṣìṣe tirẹ̀ nìyẹn, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni bá òun ru ú.

Ọbẹ̀ jinná. Nùrẹ́nì wà nílé lọ́jọ́ náà, Fàthíà bá bu tirẹ̀ sínú àwo, ó gbé e lọ fún un. Ọkùnrin náà fi jẹ ẹ̀bà, ó fọ́ eegun itan, ó fa mùdùnmúdùn rẹ̀, ó lá ọwọ́. Ó wá béèrè ẹni tó pa adìẹ tó dùn báyìí. Ọmọ náà sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀: Ẹ̀gbọ́n òun ló ṣe Bísímílláhì, Ebenezer ló fi ọbẹ sí i, òun lòun da omi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi. Bó bá jẹ́ ẹ̀sìn ló dùn ún, ì bá lọ bá àlùfáà, mọ́sáláṣí ò jìnnà. Ohun tó dun Nùrẹ́nì ni pé ó ti lá ọwọ́. Ọmọdé ló fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, lójú tirẹ̀, bẹ́líìtì sì ti wà ní ìdí rẹ̀.

Kò kí ẹnikẹ́ni nígbà tó wọ ẹ̀yìnkùlé. Zikrullah kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń jẹun lọ́wọ́, orí irin bẹ́líìtì sì bà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn kó tó mọ̀ pé ẹnì kan dé. Àwo fò. Ẹ̀ẹ̀kejì bà á léjìká, awọ ara ya, ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀ẹ̀kẹrin. Ọmọ náà ò ké, ó kàn ká jọ sílẹ̀ bí ẹni tó ti mọ iṣẹ́ náà. Ebenezer ló sáré wá, ó di ẹsẹ̀ Nùrẹ́nì mú. Ọkùnrin náà ta á nípàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá ìkòkò ọbẹ̀ lórí sítóòfù, gbogbo ọbẹ̀ gbígbóná sì dà lé ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Igbe tí Ebenezer ké, wọ́n gbọ́ ọ dé ojú títì.

Ganiyat bọ́ sáàárín wọn. Bẹ́líìtì bà á níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ bo ojú kan. Nùrẹ́nì, tó ń dọ̀bálẹ̀ kí i láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n, nawọ́ sí i lójú.

“Ìwọ lo fi háráàmù bọ́ mi,” ló wí.

“Ọmọdé ni wọ́n. Èmi ni kó o lù.”

Ó tún gbé bẹ́líìtì sókè, ó gbà á lórí èjìká obìnrin náà kó lè bá Zikrullah nílẹ̀. Nǹkan kan já nínú Ganiyat. Orí sítóòfù kejì, òróró ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń hó, ṣíbí irin wà nínú rẹ̀. Kò wo ẹ̀yìn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tó wà. Ogójì ọdún ni ọwọ́ yẹn ti ń dúró. Ó fa ṣíbí yọ, òróró ń kán sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, kò sì dùn ún. Ó fi ọwọ́ kejì gbá ọrùn aṣọ Nùrẹ́nì mú, ó tì í mọ́ ògiri, ó gbé ṣíbí náà sún mọ́ ojú rẹ̀.

Ọkùnrin tó ń gbé irin lójoojúmọ́ bá fọwọ́ méjèèjì bojú. Ó ká èjìká jọ, ohùn kékeré kan sì jáde lẹ́nu rẹ̀. “Mi ò ní ṣe mọ́,” ló wí. “Mi ò ní ṣe mọ́.” Bí ọmọdé ṣe ń wí i gan-an ló ṣe wí i.

Ganiyat gbọ́ ọ. Ó yẹ kó dá a dúró, kò dá a dúró. Ó gbọ́ ohùn mìíràn pẹ̀lú, ohùn jẹ́jẹ́ tí kò yára. Ó ń kà. “Ení,” ni ohùn náà wí. Ẹnu ara rẹ̀ ló ti ń jáde.

“Ó gbóná!”

Fàthíà ni. Ó dúró tòun ti ife omi lọ́wọ́. Kí ó tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, Zikrullah ti gbà á lẹ́nu rẹ̀ látorí ilẹ̀, àwọn yòókù sì gbà á, ohùn mẹ́wàá ń ké e léraléra. Kì í ṣe ọgbọ́n ló jẹ́ kí Ganiyat gbọ́ràn, ẹ má ṣe jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Ó ti ju nǹkan sílẹ̀ sí igbe yẹn nígbà tó pọ̀ jù. Ọwọ́ rẹ̀ là fúnra rẹ̀, ṣíbí bọ́, ó já lé òun fúnra rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì sún sẹ́yìn.

Àwọn ọmọ rọ́ omi sí ẹsẹ̀ Ebenezer. Fàthíà dúró síwájú Ganiyat, ó fa ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀, ó da ife omi sí i lórí díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, kò sì béèrè ohunkóhun. Ìgbà yẹn ni obìnrin náà bú sẹ́kún. Nùrẹ́nì ṣa bẹ́líìtì rẹ̀, ó fa àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́, ó jáde láì wẹ̀yìn.

Naomi dé láti ṣọ́ọ̀ṣì tòun ti sùtánà funfun lọ́rùn, láì wọ bàtà, ó pọn ọmọ ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn bí ìkókó, ó gbé e lọ sí ọsibítù. Awọ ẹsẹ̀ méjèèjì bó. Lọ́jọ́ kejì, àlùfáà mọ́sáláṣí gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ní ẹni tó bá jẹ ohun tí kò mọ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, kí wọ́n ṣá kọ́ àwọn ọmọ pé ẹni tó bá di ọbẹ mú ni kó ṣe Bísímílláhì. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì. Nùrẹ́nì gbọ́ ọ, ó sì tún bínú sí i, nítorí ìtìjú tí ò rí ibi gbà jáde, ìbínú ló ń dà. Ó ní ọmọ òun kankan ò gbọdọ̀ dé ilé Ìyá Jibril mọ́.

Kò yẹ kó yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ganiyat ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé pa. Sátidé mẹ́ta tẹ̀ léra, àwọn ọmọ á wá kan ilẹ̀kùn, á ní kí wọ́n máa lọ. Bó bá fẹ́ sùn, ẹnu rẹ̀ tó ka “ení” ló máa ń gbọ́. Ó rò pé obìnrin Ìdímù yẹn ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, àṣé inú òun ló wá kọ́lé sí.

Ebenezer ló ṣí ilẹ̀kùn náà. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó tiro wá, báńdéèjì lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ò ní lọ.

“Mo ti fẹ́ ṣe ohun tí mo búra pé mi ò ní ṣe,” Ganiyat wí fún un. “O ò rí i ni?”

“A rí i, Màmá. Ṣùgbọ́n a ní ó gbóná, ẹ sì jù ú sílẹ̀.” Ọmọ náà na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú. “Ẹnikẹ́ni lè mú ohun gbígbóná. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀.”

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dáná. Ẹ̀wà ni, nítorí ọmọ mẹ́jọ péré ló wà, owó sì dín. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ́ owó sílẹ̀, ọ̀ọ́dúnrún náírà kan lé. Ebenezer ní Zikrullah ló fi rán òun láàárọ̀, lẹ́yìn ògiri. Ó ní òun ò lè wá, ṣùgbọ́n kí wọ́n ka òun mọ́ ọn.

Ó ti tó aago mẹ́rin, wọ́n ń fọ àwo, nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró bẹ́líìtì láti ilé kejì. Gbogbo wọn mọ ìró náà. Ohùn Nùrẹ́nì ń béèrè ibi tí owó oúnjẹ wà, ó ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó ń lù, ìbéèrè kan, ìró kan. Àwọn ọmọ dẹ́kun àwo fífọ̀. Wọ́n wo Ganiyat. Ó jókòó lórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú omi ọṣẹ, ó sì rí ara rẹ̀ lẹ́bàá títì Ìdímù, ó rí àwọn èèyàn márùn-ún tí wọ́n ń retí ẹja.

Ìgbà yẹn ni ohùn tínínrín kan gòkè láti ilé náà. “Ó gbóná!” Fàthíà ló ń ké, òun nìkan, kò sẹ́ni tó gbè é.

Gbogbo àwo bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, méjì fọ́. Ganiyat ti dìde. Òun ló kọ́kọ́ gbè é, ohùn rẹ̀ há, ó tún un ké, ó ń tiro lọ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ṣíbí jó, àwọn ọmọ sì tẹ̀ lé e, wọ́n ń ké e. Naomi gbọ́ ọ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó jáde tòun ti sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́; nígbà tó rí ọmọ rẹ̀ tó ń fi báńdéèjì sáré, ó ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó gbà á lẹ́nu wọn. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù gbà á. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń ta ayò dìde, wọn ò mọ ohun tó gbóná, wọ́n ṣá ń tẹ̀ lé wọn.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Zikrullah wà nílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, ẹ̀jẹ̀ ń jáde létí rẹ̀. Mọ̀dínátù fẹ̀yìn ti ògiri, ojú rẹ̀ kan ti wú dí. Nùrẹ́nì dúró láàárín yàrá, bẹ́líìtì lókè, ó ń mí gúlegúle. Ó ní kí wọ́n kúrò nílé òun. Ó ní ọmọ òun ni. Wọn ò bá a jiyàn, wọn ò bú u, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n kún ẹnu ọ̀nà, wọ́n kún fèrèsé, wọ́n sì ń ké e, nítorí òfin ni pé wọn kì í dákẹ́ títí ọwọ́ á fi ṣófo. Mọ̀dínátù bẹ̀rẹ̀ sí í mi ètè. Wọn ò kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tó yá, tirẹ̀ ló lágbára jù nínú gbogbo ohùn náà.

Nùrẹ́nì wo ojú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo Ganiyat pẹ́ jù. Mi ò lè sọ fún yín pé ó ronú pìwà dà. Ta ló rí inú? Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìka rẹ̀ là lókè níbi tó wà, bẹ́líìtì sì bọ́ sórí símẹ́ǹtì, irin rẹ̀ dún. Gbogbo ilé dákẹ́.

Fàthíà ti lọ sídìí kẹ́ẹ̀gì. Ó bu omi sí ife, ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá, ó dúró síwájú bàbá rẹ̀. Ọwọ́ náà ga jù fún un.

“Bàbá, ẹ gbé e wálẹ̀,” ló wí.

Ó gbé e wálẹ̀. Ọmọ náà da omi sí i lórí díẹ̀díẹ̀, láti orí ìka dé ọrùn ọwọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Omi náà ń kán sára bẹ́líìtì nílẹ̀. Nígbà tí ife gbẹ, ó wo ọwọ́ náà dáadáa, ó sì padà lọ bu òmíràn.